Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Sọ Orin Lórúkọ

Ó ti pẹ́ tí àwọn tí ń ṣẹ̀dá orin ti ní àṣà kan, pé bí ìtàn kan bá wọ̀ wọ́n lọ́kàn tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò lè gbé e kúrò lọ́kàn mọ́, wọn a gbé fèrè, tàbí dùùrù, tàbí ìlù, wọn a sì fi ohun èlò nìkan, láìsí ohùn ènìyàn kankan níbẹ̀, sọ ohun tí ìwé náà fi ojú wọn rí. Àwọn kan ń fi ojú tín-ín-rín wo iṣẹ́ yìí. Wọ́n ní ẹni tí kò ní ìtàn tirẹ̀ ni í gun ẹ̀yìn ìtàn ẹlòmíràn. Àwọn mìíràn gbà á tọwọ́-tẹsẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní orúkọ kò jẹ́ nǹkan kan, pé kí olórin mú àkọlé ìwé tí ó bá dùn mọ́ ọn létí, kí ó sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ìhà méjèèjì ni mo kọ̀. Èmi gbà pé orin aláìlọ́rọ̀ tí a fi dá ìwé ìtàn mériyìírí lóhùn wà lára kíkà tí ó jinlẹ̀ jù lọ tí ẹnikẹ́ni lè ka ìwé. Nítorí pé ó sì jinlẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹni tí kò bá tíì ka ìwé já kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fi orúkọ ìwé náà pe orin rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ní ọdún 1954 ni ilé ìtẹ̀wé Faber and Faber ní Lọ́ńdọ̀nù tẹ ìwé kan jáde láti ọwọ́ ọmọ wa, Amos Tútùọlá, ará Abẹ́òkúta, èyí tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ My Life in the Bush of Ghosts: ìtàn ọmọdékùnrin kan tí ó ń sá fún àwọn akónilẹ́rú, tí ó ṣìnà wọ igbó àwọn iwin, tí kò sì rí ọ̀nà ilé títí ọdún 24 fi kọjá lórí rẹ̀. Nígbà tí ó di ọdún 1981, ọkùnrin méjì tí wọ́n jẹ́ ògbóǹtarìgì nínú iṣẹ́ orin, Brian Eno ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti David Byrne tí ń gbé ní Amẹ́ríkà, gbé àwo orin kan jáde, wọ́n sì fún un ní orúkọ ìwé yìí gan-an, láìyọ ọ̀rọ̀ kan kúrò níbẹ̀. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n sọ ọ́ lẹ́yìn náà pé nígbà tí àwọn ń mú orúkọ yìí, àwọn kò tíì ka ìwé náà.

N kò sọ pé orin náà kò dára. Ohùn àwọn oníwàásù orí rédíò àti ohùn àwọn akọrin ilẹ̀ Lárúbáwá ni wọ́n gé, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìlù àti gìtá, ọ̀pọ̀ olórin ni ó sì ti kọ́ ọgbọ́n lára wọn láti ìgbà náà wá. Ohun tí mo ń wí ni pé, bí a bá tú àwo yẹn títí, a wá ọmọ tí ó sọnù, a kò rí i. A wá iwin olóòórùn burúkú tí ó kó o lẹ́rú, a kò rí i. A wá iwin obìnrin tí amóhùnmáwòrán wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, òun náà kò sí níbẹ̀. Ìbẹ̀rù ọmọ tí ó mọ̀ pé ìyá ń bẹ nílé, ṣùgbọ́n tí kò mọ ọ̀nà tí ó lọ síbẹ̀, èyí tí í ṣe ẹ̀mí ìwé Tútùọlá, kò kan orin náà rárá. Àwọn baba wa wí pé ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Àwọn méjì wọ̀nyí mú orúkọ láti ilé Tútùọlá, wọn kò sì bojú wo inú ilé náà. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ọ̀wọ̀ ni wọ́n fi bù fún ọmọ wa, mo dá a lóhùn pé a kì í bọ̀wọ̀ fún àgbà kí a má gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀.

Ẹ wá wo bí ẹni tí ó wọlé, tí ó jókòó, tí ó sì gbọ́ ìtàn já ṣe ń ṣe é. Johan de Meij, ọmọ ilẹ̀ Holland, tí ó kọ́ trombone àti dídarí ẹgbẹ́ afunfèrè ní ìlú The Hague, ni ó ti ojú bọ The Lord of the Rings, ìwé alápá mẹ́ta tí J. R. R. Tolkien, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Oxford, gbé jáde láàárín 1954 àti 1955. Láti 1984 títí di ìparí 1987 ni ó fi ń kọ símfónì rẹ̀ àkọ́kọ́ lórí ìwé yìí, ní oṣù kẹta ọdún 1988 ni wọ́n sì kọ́kọ́ fun ún fún gbogbo ayé gbọ́ ní ìlú Brussels. Ìpín márùn-ún ni ó ní, kò sì sí ẹnu kan tí ó kọrin nínú wọn. Gandalf, àgbà oṣó, ni ó kọ́kọ́ wọlé pẹ̀lú ìró fèrè tí ó ga tí ó sì wúwo, lẹ́yìn náà, nínú ìpín kan náà, ni eré ẹṣin rẹ̀ gba orin kan. Lẹ́yìn èyí ni igbó Lothlórien, igi àti ẹyẹ rẹ̀. Lẹ́yìn náà Gollum, ẹ̀dá tí òrùka burúkú inú ìtàn náà ti jẹ lọ́kàn títí tí kò fi jọ ohun tí a bí i sí mọ́, ẹni tí de Meij fi saxophone tí ohùn rẹ̀ tín-ín-rín gbé sókè, tí ó ń fà, tí ó ń ráhùn, tí ó sì ń bá ara rẹ̀ jà. Lẹ́yìn náà ìrìn inú òkùnkùn ihò Moria àti afárá tí Gandalf gbé ṣubú.

Ṣùgbọ́n ìpín karùn-ún ni mo fẹ́ kí àwọn tí ń sọ pé orúkọ kò jẹ́ nǹkan wá gbọ́. Orúkọ àwọn Hobbit, ẹ̀dá kúkúrú inú ìwé náà, ni ó ń jẹ́. Ọ̀tá ti ṣubú, ọba ti gorí ìtẹ́. Olórin tí ó gbọ́ ìtàn yìí lẹ́nu ẹlòmíràn ì bá fi gbogbo fèrè àti gbogbo ìlù parí rẹ̀ pẹ̀lú ariwo ìṣẹ́gun. De Meij bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ayọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí ayọ̀ náà rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí orin fi parí pẹ̀lú pẹ̀lẹ́, nítorí pé ó ti ka orí ìkẹyìn, níbi tí Frodo, ẹni tí ó ru òrùka, tí ọgbẹ́ rẹ̀ kò sì jinná, gbé wọ ọkọ̀ funfun pẹ̀lú Gandalf, tí ó fi àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní èbúté. A kò lè já irú ìparí bẹ́ẹ̀ gbà lọ́wọ́ àkọlé. Inú ìwé ni a ti ń rí i. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ní 1989 iṣẹ́ yìí gba ẹ̀bùn Sudler fún orin ẹgbẹ́ afunfèrè ní Amẹ́ríkà, àwọn ẹgbẹ́ afunfèrè káàkiri ayé sì ń fun ún títí di òní. Bo Hansson ti ilẹ̀ Sweden ti rin irú ọ̀nà yìí ṣáájú rẹ̀, ní 1970, pẹ̀lú dùùrù àti gìtá, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ lu èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ohun èlò náà.

Ẹ kíyè sí i pé kò tíì sí sinimá tí Peter Jackson ṣe láti inú ìwé Tolkien nígbà tí àwọn méjì yìí ṣiṣẹ́. Ọdún 2001 ni apá kìn-ín-ní rẹ̀ jáde. Howard Shore tí ó kọ orin sinimá náà ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ pẹ̀lú ọlá, nítorí pé àwòrán ni wọ́n ní kí ó kọrin fún. Àwọn tí mo ń bá wí ni àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, tí kọ̀ǹpútà ti mú iṣẹ́ rọrùn fún, tí wọn a fi etí gbọ́ orin Shore, wọn a fi ọwọ́ ṣe irú rẹ̀, ìlù rìgìdì nísàlẹ̀, agbo akọrin tí ń ké láìsọ ọ̀rọ̀ lókè, wọn a wá sọ pé ìwé ni ó mí sí àwọn. Ìwé yòówù tí wọ́n bá dárúkọ, ìró kan náà ni. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ pe orin rẹ̀ ní ọmọ sinimá, ìjà wa yóò sì parí.

Àwọn kan yóò ní, “Orin tí kò ní ọ̀rọ̀, kí ni ó lè sọ? Ta ni yóò mọ̀ bóyá olórin ka ìwé tàbí kò kà á?” Kò yẹ kí irú ìbéèrè yìí ti ẹnu ọmọ Yorùbá jáde. Ta ni nínú wa tí kò tíì rí onídùndún rí, tí ó dá ẹni iyì dúró láàárín agbo, tí ó fi awọ àti ọ̀pá pe oríkì baba ńlá rẹ̀ kan an lára, títí omi fi lé ròrò lójú ọkùnrin náà, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni la ẹnu? Lóòótọ́, èdè wa ni ó wà lẹ́yìn ìlù náà, òkè, àárín àti ìsàlẹ̀, saxophone de Meij kò sì ní irú rẹ̀ lẹ́yìn. Ìrìn, eré, ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn ohùn ni ó fi ń sọ tirẹ̀. Ọ̀nà méjèèjì ni ó ṣí sílẹ̀ fún wa. Ìdí nìyí tí gbèsè tí ó wà lọ́rùn wa fi wúwo ju ti ẹnikẹ́ni lọ.

Gbèsè Fágúnwà ni mò ń wí, Dáníẹ̀lì ọmọ Òkè-Igbó, akọ̀wé-kọ̀wúrà, tí ó mú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938, Igbó Olódùmarè ní 1949, àti Ìrìnkèrindò nínú Igbó Elégbèje ní 1954. Àwọn òṣèré ti san tiwọn: Kọ́lá Ògúnmọ́lá gbé Ọ̀mùtí, láti inú ìwé Tútùọlá mìíràn, sórí ìtàgé ní 1963, Wálé Ògúnyẹmí sì fa Láńgbòdó yọ láti inú Ògbójú Ọdẹ, èyí tí Nàìjíríà gbé síwájú àlejò nígbà àjọ̀dún àṣà FESTAC ní 1977. Irinṣẹ́ kò wọ́n àwọn olórin náà. Fẹlá Ṣówándé ti kọ African Suite fún àwọn ohun èlò olókùn láti 1944. Akin Euba ti kọ́ dùùrù ní ìwà ìlù, ó sì kọ odindi ìwé lórí dùndún. Símfónì Láńgbòdó tí ó tó Láńgbòdó dà, èyí tí ọmọ wa yóò fi gbéra níwájú símfónì de Meij?

Ẹni tí yóò kọ ọ́ gbọ́dọ̀ kàwé, mo sì mọ ibi tí àìkàwé yóò gbé tú u fó. Bí ó bá ka ìwé kejì, yóò rí i pé ó padà sẹ́yìn lọ sọ ìtàn Olówó-ayé, baba Àkàrà-ògùn, ọdẹ tí ìwé kìn-ín-ní dá lé lórí. Nítorí náà, ohùn orin tí ó fún ọmọ gbọ́dọ̀ ti ara ohùn baba jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ ni a kọ́kọ́ gbọ́. Bí ó bá ka ìwé kìn-ín-ní dáadáa, yóò mọ̀ pé àjẹ́ ni ìyá Àkàrà-ògùn, àti pé ọwọ́ baba ni ó pa á, òjìji ikú yìí kò sì ní kúrò nísàlẹ̀ orin títí dé òpin. Yóò dé ọ̀dọ̀ Àgbákò olójú mẹ́rìndínlógún, kò sì ní fi ariwo lásán tán ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí ó bá dé ọ̀dọ̀ Olóhùn-iyọ̀, akọrin àti onílù tí ó bá àwọn ọdẹ lọ, yóò fẹ́ gbé akọrin wọlé. Kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ó fi gòjé tàbí fèrè wá ohùn iyọ̀ náà, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni a ó ti mọ akin. Kí ó gbé ojú ewé Fágúnwà kan, pẹ̀lú àwítúnwí rẹ̀ àti gbólóhùn rẹ̀ tí ń gùn bí ọ̀nà oko, lé onídùndún lọ́wọ́, kí ó ní kí ó lù ú láìsí asọ̀tàn tí yóò máa túmọ̀ rẹ̀ fún àlejò. Ẹni tí ó gbọ́ èdè yóò gbọ́ ọ̀rọ̀. Ẹni tí kò gbọ́ yóò gbọ́ ìrìn ọdẹ.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ olórin wa, nílé àti lẹ́yìn odi, ẹ ka Ògbójú Ọdẹ já, ẹ ka Igbó Olódùmarè tẹ̀ lé e, kí ẹ tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà tàbí dùùrù. Bí ẹ kò bá sì ráyè kà wọ́n, ẹ wá orúkọ mìíràn fún orin yín.