Ẹ Jẹ́ Ká Dín Iyọ̀ Inú Ìkòkò Wa Kù, Nítorí Àwọn Alátọ̀gbẹ

Bí ẹ bá dé ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn alátọ̀gbẹ nílé ìwòsàn ìjọba, ẹ tẹ́tí sí ohun tí wọ́n ń bi nọ́ọ̀sì. Ṣé mo ṣì lè jẹ iṣu? Ṣé àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ sàn ju ẹ̀bà lọ? Ìbẹ́pẹ ńkọ́? Mo ń mu omi ewúro láràárọ̀, ṣé kò léwu? Ìbéèrè tó yẹ kí wọ́n béèrè ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí ẹ tó gbọ́ kí ẹnìkan ní: ọbẹ̀ tí mo fi ń jẹ òkèlè náà ńkọ́, báwo ni iyọ̀ inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó? Òkèlè là ń fojú wọ̀n, ọbẹ̀ là ń bù láìwẹ̀yìn wò. Mo wá bẹ gbogbo ilé, gbogbo ọjà àti gbogbo ibi tí wọ́n ti ń dáná oúnjẹ tà nílẹ̀ Yorùbá pé ká yí ìyẹn padà.

Ṣúgà tó bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ máa ń ba òpó ẹ̀jẹ̀ jẹ́ láti inú, pàápàá àwọn òpó tín-ín-tìn-ìn-tín tó wà nínú ojú àti kíndìnrín. Iyọ̀ ní tirẹ̀ máa ń fa omi mọ́ra. Bó bá ti pọ̀ lára, omi inú ẹ̀jẹ̀ á pọ̀ sí i, ẹ̀jẹ̀ á sì máa fi agbára ti ara òpó tí ṣúgà ti sọ di aláìlera tẹ́lẹ̀. Èyí wà lára ìdí tí ẹ̀jẹ̀ ríru fi sábà máa ń bá àtọ̀gbẹ gbé nínú ara kan náà. Kò sí ìyá tó ń sẹ́ ògì tí kò mọ̀ pé aṣọ asẹ́ tí a bá ń fún ní àfúnjù yóò ya níjọ́ kan. Asẹ́ ni kíndìnrín jẹ́ fún ara. Bó bá ya, èròjà tó yẹ kó dúró nínú ẹ̀jẹ̀ á máa bá ìtọ̀ lọ, ẹsẹ̀ á máa wú, bó bá sì burú tán, ó di kí wọ́n máa fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ ẹni náà lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Mélòó nínú wa ló lè san owó yẹn fún oṣù mẹ́ta gbáko láìta ohun ìní? Rọpárọsẹ̀ àti àìsàn ọkàn tún wà lọ́nà kan náà. Ìròyìn ayọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé bí iyọ̀ bá dín kù, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á wálẹ̀, ọ̀pọ̀ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí dókítà ń kọ á sì ṣiṣẹ́ dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àjèjì láàárín wa. Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládípọ̀ Akínkùgbé, ọmọ Oǹdó, fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀jẹ̀ ríru àti kíndìnrín ní Ìbàdàn. Òun ni alága ìgbìmọ̀ tó gbé àbọ̀ ìwádìí jáde ní 1997 lórí àwọn àìsàn tí kì í ràn ní Nàìjíríà. Nígbà yẹn, àwọn tí wọ́n bá àtọ̀gbẹ lára wọn tó nǹkan bí ẹni 2 nínú 100. Ìwádìí mìíràn tó jáde ní 2018, tó kó ọ̀pọ̀ iṣẹ́ àwọn onímọ̀ jọ, gbé e dé nǹkan bí ẹni 6 nínú 100. Kò sí ẹbí wa tí kò kàn mọ́.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní iyọ̀ tí àgbàlagbà kan máa jẹ lójúmọ́ kò gbọdọ̀ tó gíráàmù 5. Ìyẹn ò ju ṣíbí tíì kan tó tẹ́jú lọ, gbogbo ohun tó wọ ẹnu láti àárọ̀ dalẹ́ ló sì wà nínú rẹ̀. Ẹ wá wo oúnjẹ ọjọ́ kan. Láàárọ̀, búrẹ́dì àti ẹyin díndín. Iyọ̀ ti wà nínú búrẹ́dì kó tó kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é, bí kò tilẹ̀ hàn lẹ́nu. Ẹni tó din ẹyin tún fọ́ máàgí sí i. Iyọ̀ ló sì kó nǹkan bí ìdajì ìwọ̀n ọ̀pọ̀ máàgí tí à ń rà. Lọ́sàn-án, àmàlà, ewédú àti ọbẹ̀ ata. Wọ́n fi káún se ewédú kó lè yọ̀, bẹ́ẹ̀ sódíọ̀mù tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ sókè nínú iyọ̀ wà nínú káún pẹ̀lú. Ìyá onírú ti da iyọ̀ sí irú kó má bàa bàjẹ́. Inú ọbẹ̀ ata ni iyọ̀ àti máàgí ti pàdé, ẹja tí wọ́n fi iyọ̀ pa mọ́ sì tún bá wọn níbẹ̀. Lálẹ́, nígbà tó ti rẹ gbogbo ilé, índómì ni wọ́n sè, gbogbo èròjà inú ọ̀rá kékeré rẹ̀ ni wọ́n sì dà sí i. Ẹni tó jẹ gbogbo èyí lè dúró níwájú dókítà kó ní òun kì í bu iyọ̀ sóúnjẹ, kò sì ní parọ́.

Ohun tí mo fẹ́ ká mọ̀ gan-an nìyẹn. Iyọ̀ tí alátọ̀gbẹ ń jẹ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá àgbà kì í wọ ilé ìdáná. Ọmọ tàbí ìyàwó ọmọ ló ń gbọ́únjẹ fún màmá. Òṣìṣẹ́ ń jẹun ní bùkà, gbogbo wa la sì ń jẹ oúnjẹ òde ní Sátidé. A wá ń kìlọ̀ fún aláìsàn nìkan, nígbà tí ẹlòmíràn mú ṣíbí ọbẹ̀ dání.

Ẹ má sì dá ìkòkò sè fún un. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń mú wa ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí a bu oúnjẹ tirẹ̀ sọ́tọ̀ láàárín ọmọ àti ọmọọmọ máa ń rò pé a ti yọ òun sílẹ̀ nínú ilé, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi máa bù nínú ìkòkò gbogbo ayé ní kọ̀rọ̀. Ìkòkò gbogbo ilé ni kí iyọ̀ rẹ̀ dín kù. Àǹfààní ni fún ọmọ tí kò tíì ní àìsàn kankan náà.

Bí ẹ bá ti fi máàgí sí ọbẹ̀, ẹ má fi iyọ̀ sí i mọ́, kí máàgí náà má sì pọ̀. Ẹ wá irú tí kò níyọ̀, ẹ rẹ ẹja oníyọ̀ sómi, kí ẹ sì da omi náà nù. Ẹ jẹ́ kí àlùbọ́sà, áyù, atalẹ̀, efinrin àti ata rodo ṣiṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ fún òrombó wẹ́wẹ́ sí ẹja yíyan. Ọbẹ̀ á kọ́kọ́ tẹ́ lẹ́nu, n kò ní tàn yín. Àmọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ahọ́n á ti mọ́ ọn lára, èyí tí ẹ ń jẹ tẹ́lẹ̀ ni yóò wá máa korò lẹ́nu yín.

A kò ní kí ẹnikẹ́ni má jẹ iyọ̀ rárá. Ara nílò díẹ̀, áyódíìnì tí wọ́n ń fi sínú iyọ̀ wa sì ń dáàbò bò wá lọ́wọ́ gẹ̀gẹ̀. A mọ iyì iyọ̀: à ń fi í ṣàdúrà fún ọmọ tuntun kí ayé rẹ̀ lè dùn, a kàn kì í bù ú lọ́pọ̀ níbẹ̀ ni. Ẹ ṣọ́ra fún àwọn iyọ̀ tí wọ́n ń tà pé kò ní sódíọ̀mù púpọ̀. Potásíọ̀mù ló sábà máa ń rọ́pò rẹ̀, potásíọ̀mù àpọ̀jù sì lè dá ọkàn ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti ń ṣàìsàn dúró. Ẹ bi dókítà kí ẹ tó rà á.

Ẹ̀yin olóúnjẹ àti ẹ̀yin alásè, ọwọ́ yín lọ̀rọ̀ yìí pọ̀ sí jù. Oníbàárà tó ní kí ẹ má fi iyọ̀ sí tòun ti pẹ́ jù, torí ọbẹ̀ ti jiná. Ẹ kúkú sè é kí iyọ̀ rẹ̀ kéré láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ gbé iyọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún ẹni tó bá fẹ́ sí i. Ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ bá àwọn onírú sọ̀rọ̀ kí wọ́n máa fi díẹ̀ sílẹ̀ láìfi iyọ̀ sí i. Ẹ̀yin oníbúrẹ́dì, bí ẹ bá ń dín in kù díẹ̀díẹ̀, ẹnu ò ní mọ̀.

Ìjọba náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Gúúsù Áfíríkà gbé òfin jáde ní 2013, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2016, tó fi ààlà sí iyọ̀ inú búrẹ́dì, èròjà ọbẹ̀ àti àwọn oúnjẹ inú ọ̀rá. NAFDAC, àjọ wa tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, mọ irú iṣẹ́ yìí: ìlànà rẹ̀ ti 2022 ní trans fat, irú ọ̀rá kan tó ń ṣe ọkàn ní jàǹbá, kò gbọdọ̀ ju gíráàmù 2 lọ nínú gíráàmù 100 ọ̀rá tàbí òróró. Kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún iyọ̀, kí wọ́n sì mú kí àwọn ilé iṣẹ́ kọ ìwọ̀n rẹ̀ gàdàgbà síwájú ọ̀rá tí wọ́n fi di oúnjẹ. Kó tó dìgbà náà, ibi tí ẹ bá ti rí sodium lára ọ̀rá, ẹ fi 2.5 sọ ọ́ di púpọ̀. Ìwọ̀n iyọ̀ ibẹ̀ nìyẹn. Ẹ kọ̀wé sí aṣòfin àgbègbè yín kí irú òfin iyọ̀ bẹ́ẹ̀ lè wà níbí náà.

Ọjọ́ 14 oṣù Kọkànlá ni Àyájọ́ Àtọ̀gbẹ Lágbàáyé, ṣùgbọ́n ẹ má dúró dè é. Ẹ̀yin Ìyá Ìjọ àti Ìyá Àdínì, ẹ bá alásè sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó gbé ìkòkò àsè tó ń bọ̀ kaná. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ máa béèrè ẹni tó ń dáná fún aláìsàn, kí ẹ pe onítọ̀hún wọlé. Bó bá sì jẹ́ ẹ̀yin lẹ̀ ń dáná nílé alátọ̀gbẹ, ẹ bá a lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ tí wọ́n bá dá fún un, kí ẹ mú ọ̀rá máàgí tí ẹ ń lò dání lọ fi han nọ́ọ̀sì.