Dúdú Ojú Ọ̀run Kì í Ṣe Òfìfo

Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Ìdírókò láti Ìyànà Ìyèsí ní alẹ́ àìlóṣùpá, tí ó rìn títí tí iná àwọn ilé iṣẹ́ fi pòórá lẹ́yìn rẹ̀, tí òjò sì ti fọ ojú sánmà mọ́, yóò rí ohun kan bí èéfín funfun tí ó nà gbọọrọ la ojú ọ̀run kọjá. Ọ̀nà Wàrà ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ilà dúdú kan sì wà tí ó la funfun náà sí méjì. Ọ̀pọ̀ nínú wa yóò ní kò sí ohunkóhun níbẹ̀ ni ó fi dúdú. Àṣìṣe gbáà ni, àṣìṣe náà kò sì mọ sí ojú ọ̀run nìkan.

Ọ̀nà Wàrà jẹ́ gálásì, èyíinì ni àgbájọ ọ̀kẹ́ àìmọye ìràwọ̀, tí oòrùn wa jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo, àwọn apá rẹ̀ sì yí po bí ilà ara ìkarahun ìgbín. Bí ìmọ́lẹ̀ bá gbéra láti etí kan, yóò lo nǹkan bí 100,000 ọdún kí ó tó dé etí kejì. Gáàsì wà láàárín àwọn ìràwọ̀ náà, háídírójìn ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, eruku sì dà pọ̀ mọ́ ọn. Wọn kò fọ́n káàkiri bákan náà. Ìpele tín-ín-rín ni wọ́n tẹ́ sí láàárín àwo náà. Gáàsì tí ó tutù tí ó sì ki jùlọ pọ̀ sí ọ̀nà inú. Háídírójìn tí ó fẹ́lẹ́ nà jìnnà kọjá ibi tí àwọn ìràwọ̀ tí a lè rí parí sí.

Ẹ wo súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ní oríta Ìyànà Ìyèsí ní ìrọ̀lẹ́. Ìdìpọ̀ ọkọ̀ náà kì í kúrò lójú kan, ṣùgbọ́n àwọn ọkọ̀ inú rẹ̀ ń yí padà: àwọn kan ń wọlé, àwọn kan ń jáde. Bẹ́ẹ̀ ni Lin àti Shu ṣe ṣàlàyé apá gálásì ní 1964. Gáàsì a wọ inú apá, a fún pọ̀, eruku rẹ̀ a sì ṣú dúdú ní etí inú apá náà. Láti inú ìfúnpọ̀ yìí ni a ti ń bí ìràwọ̀ tuntun. Ibi tí a pè ní òfìfo, ilé ìbí ìràwọ̀ ni.

Ẹni tí ó bá ti rí bí oòrùn ṣe ń pọ́n nígbà ọyẹ́ mọ ohun tí eruku ń ṣe fún ìmọ́lẹ̀. Ní 1930 ni Robert Trumpler fi ẹ̀rí hàn pé eruku ń dín ìmọ́lẹ̀ àwọn ìràwọ̀ kù. Bí a bá wọn gáàsì náà ní 100 kílò, eruku rẹ̀ kò ju nǹkan bí kílò 1 lọ. Síbẹ̀, nínú bílíọ̀nù 1,000 ìtànṣán tí ó ń ti àárín gbùngbùn Ọ̀nà Wàrà bọ̀, bí ẹyọ kan ni ó ń dé ojú wa.

Ṣùgbọ́n ìgbì rédíò kò ka eruku sí. Ní 1951, ní Harvard ní Amẹ́ríkà, Harold Ewen àti Edward Purcell gba ìgbì háídírójìn láti Ọ̀nà Wàrà, ìgbì tí gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 21. Ohun èlò wọn fẹ̀ lẹ́nu bí fúnẹ́ẹ̀lì tí a fi ń rọ epo. Pákó ni wọ́n fi kàn án, wọ́n sì fi bàbà tẹ́ inú rẹ̀. Dọ́là 500 ni owó tí a fún wọn fún iṣẹ́ náà.

Àwọn kan yóò bi mí pé, kí ni èyí kan ẹni tí ń wá owó ọkọ̀? Mo gbà pé ebi kò mọ gálásì. Ṣùgbọ́n Ọ̀tà kò ṣe aláìní káfíńtà àti ẹni tí ń jó irin. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ilẹ̀ mìíràn ń kan irú fúnẹ́ẹ̀lì yìí lónìí, wọ́n ń so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, wọ́n sì ń gba ìgbì kan náà. Samuel Okoye, ọmọ Nàìjíríà, wà lára àwọn méjì tí wọ́n ṣe àwárí orísun rédíò àràmàǹdà kan nínú Crab Nebula ní 1965. Àwọn ará Ghana sì sọ abọ́ tẹlifóònù àtijọ́ kan ní Kuntunse di ẹ̀rọ ìwòràwọ̀ ní 2017.

Ní 964, Abd al-Rahman al-Sufi kọ nípa àwọsánmà kékeré kan láàárín àwọn ìràwọ̀. Lónìí a mọ̀ pé gálásì mìíràn ni, Andromeda. Ojú lásán àti ìfarabalẹ̀ ni ó ní. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ohun tí ẹ ní ju tirẹ̀ lọ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tọ́ka sí ibi tí ojú rẹ̀ kò tó, kí ó sì sọ fún yín pé kò sí ohunkóhun níbẹ̀.