Ta Ló Ń Tọ́ Oníjó Ọ̀la?

Ní 1972, Carole Johnson, oníjó aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà, bá ẹgbẹ́ oníjó kan lọ sí Ọsirélíà. Kò kàn jó kó sì gbàgbé ibẹ̀. Òun ló léwájú nínú ìdásílẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ijó NAISDA fún àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Ọsirélíà. Ó tún wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ oníjó Bangarra sílẹ̀ ní 1989. NAISDA a máa kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà, kí wọ́n kọ́ ijó ìran lórí ilẹ̀ tó ti ṣẹ̀. Frances Rings, tó gba ipò olùdarí Bangarra ní 2023, NAISDA ló ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde. Ẹ̀kọ́ ló sọ ọ́ di ọ̀gá gidi! Ẹ̀yin tó ń náwó yàlàyàlà sórí àjọ̀dún ọlọ́jọ́ kan, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ owó oṣù olùkọ́ ijó níbẹ̀.