Àlejò Ìgbèríko Nígbà Àrùn Ẹran Ọ̀sìn

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ fi Ìlú Ọba ṣe ibùgbé, tí ẹ máa ń bọ́ kúrò nínú ariwo Lọ́ńdọ̀nù lọ́jọ́ ìsinmi láti lọ gba atẹ́gùn sára ní ìgbèríko, ẹ gbọ́ mi: bí àrùn ẹnu àti pátákò bá tún bẹ́ sílẹ̀, bàtà tí a wọ̀ àti oúnjẹ tí a dì dání lè pa agbo ẹran tí ìdílé kan ti ń sìn láti ìran dé ìran run ráúráú.

Ní oṣù Kejì ọdún 2001, wọ́n rí àrùn náà lára ẹlẹ́dẹ̀ ní ilé ìpẹran kan ní Essex, ipasẹ̀ rẹ̀ sì já sí ọgbà ẹlẹ́dẹ̀ kan ní Heddon-on-the-Wall, ní ìhà àríwá, níbi tí wọ́n ti ń fi àjẹkù oúnjẹ tí a kò sè dáadáa bọ́ ẹran. Kí ojú ó tó là sí i, àgùntàn tó ti kó o ti gba ọjà kan bọ́ sí òmíràn. Ìgbà tí yóò fi rọlẹ̀ ní òpin oṣù Kẹsàn-án, ẹran tí wọ́n pa lé ní 6,000,000, tó fi mọ́ èyí tí ara wọn dá ṣáṣá. Èéfín òkú màlúù tí wọ́n ń sun bo agbègbè Cumbria, ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ pàápàá sì yẹ̀ láti oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹfà.

Ìbẹ̀rù mú kí wọ́n ti ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ pa káàkiri, títí dé ibi tí àrùn kò dé rárá, ebi sì pa onílé-ìtura àti olóúnjẹ tí kò ní ẹyọ àgùntàn kan. Èyí ni mo lòdì sí. Nígbà tí àrùn náà tún yọjú ní Surrey lọ́dún 2007, ọ̀nà àyíká ibẹ̀ ni wọ́n sé, kò sì tàn ká ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó máa rí, bí àwa àlejò bá lè ṣe tiwa. Àlejò lójú, kò fi ríran: ẹrẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ bàtà àti táyà lè gbé àrùn láti oko dé oko. Ẹ ka pátákó ẹnu ọ̀nà. Bí wọ́n bá ní ó di títì, ẹ padà láìjiyàn. Ẹ fọ ẹrẹ̀ kúrò kí ẹ tó ti bàtà bọ oògùn apakòkòrò, nítorí oògùn kì í ràn lórí ìdọ̀tí. Ẹ so ajá yín, ẹ má sì fọwọ́ kan ẹran ẹlẹ́ran.

Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò kìlọ̀ fún un, hẹ̀rẹ̀húrú rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ìkìlọ̀ mi nìyí: àrùn yìí wọ́pọ̀ lára màlúù nílé ní Nàìjíríà, òfin sì kọ̀ kí èrò ó di ẹran tàbí wàrà láti ibẹ̀ wọ Ìlú Ọba, ìbáà jẹ́ ẹran gbígbẹ tí ìyá wa fi ìfẹ́ dì sínú àpò. Ẹ má dì í, ẹ má sì fi àjẹkù bọ́ ẹlẹ́dẹ̀.

Ẹgbẹ́ ìlú àti ìjọ tó ń háyà bọ́ọ̀sì ni mo kọ́kọ́ ń bẹ̀: kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀, kí ọjọ́ ìrìn-àjò tó pé, ọ̀nà tó ṣí àti èyí tí wọ́n tì, bí pápá bá sì di èèwọ̀, kí ọkọ̀ yà sí ìlú kékeré tí ilé oúnjẹ rẹ̀ ṣí sílẹ̀, kí á sì náwó wa níbẹ̀.