Ìlérí Tí Ọjà Ti Jẹ Ní Ìdí

Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá, 2021, nígbà tí gbogbo ayé ń yẹ́ àwọn olùkọ́ sí, ìjọba àpapọ̀ kéde pé akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì ìjọba yóò máa gba 75,000 náírà ní sáà kọ̀ọ̀kan, pé tẹni tó ń ṣe NCE yóò jẹ́ 50,000, àti pé àwọn ìpínlẹ̀ yóò fún wọn níṣẹ́ ní kété tí wọ́n bá jáde. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo owó ọ̀hún dáadáa. Nígbà tí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ yìí, 30,000 ni owó oṣù tó kéré jù lọ, 50,000 sì ju owó oṣù kan àbọ̀ lọ. Láti oṣù Keje, 2024, tí owó oṣù náà ti di 70,000, 50,000 kò tó ti oṣù kan mọ́. Láàárín méjèèjì ni ìrànwọ́ orí epo lọ, tí lítà kan fò láti iye tí kò tó 200 náírà kọjá 500, tí agbára owó sì yọ́ bí òrí tó rí oòrùn.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ẹni tó ṣèlérí iṣẹ́ kọ́ ló ni iṣẹ́: Àbújá ló sọ̀rọ̀, ìpínlẹ̀ ló ń gba olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. S. O. Awókọ́yà, ọmọ Àwà, ọ̀gá àkọ́kọ́ ní Mólúsì Kọ́lẹ́ẹ̀jì, Ìjẹ̀bú-Igbó, kò ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó gbé ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kalẹ̀ ní 1952 gẹ́gẹ́ bí mínísítà ètò ẹ̀kọ́ fún Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ bí a ó ṣe kọ́ àwọn olùkọ́ wà nínú rẹ̀, ó sì di 1955 kí àwọn ọmọ tó rọ́ wọ kíláàsì. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Ìbá dára kí owó náà máa bá ọjà rìn, kí ẹni tó bá gbà láti lọ kọ́ni ní Ìwọ́pin tàbí Mákùn-Omi sì rí ilé gbé àti owó ọkọ̀ ojú omi. Mo ń ro èyí lọ́wọ́ ní gáréèjì Àgọ́-Ìwòyè nígbà tí ọmọbìnrin kan, akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ olùkọ́ tó ń lọ sí Abígi, tú owó kúrò nínú ọ̀rá, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

“Dádì, ẹ má bínú, ṣé wọn kì í gba iye tó dín sí èyí?”

Awakọ̀ ní rárá. Mo fẹ́ fi kún un, ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó ní bí òun bá tilẹ̀ délé, kò sí ohun tí ìyá òun yóò fi dá òun padà. Ó di ọ̀rá náà, ó gbé ìwé rẹ̀ mọ́ àyà, ó sì forí lé ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́.