Afurasí Kì Í Ṣe Ọ̀daràn

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí le díẹ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ ní sísọ. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: afurasí ni ẹni tí a fura sí, olùjẹ́jọ́ ni ẹni tí ó dúró níwájú adájọ́, ọ̀daràn ni ẹni tí ilé-ẹjọ́ ti dá lẹ́bi. Kí ló dé tí a fi ń da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá di ti oògùn olóró? Bí àjọ NDLEA bá mú ènìyàn láàárọ̀, ọ̀daràn ni a ó ti máa pè é kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí Amẹ́ríkà bá sì ní kí a fà á lé òun lọ́wọ́, àwọn kan á ní, "Ẹ mú un lọ jàre! Kí ni a tún ń lọ ilé-ẹjọ́ sí?"

Mo ta ko èrò yìí pátápátá.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ Buruji Kashamu. Ní 1998, wọ́n fẹ̀sùn kàn án ní Chicago pé ó wà lára àwọn tí ń kó heroin wọ Amẹ́ríkà. Wọ́n mú un ní London lọ́dún náà, ó ní òun kọ́ ni wọ́n ń wá. Ní 2003, adájọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ̀ láti yọ̀ǹda rẹ̀, nítorí kò dá a lójú pé òun ni ẹni náà. Ó padà wálé, ó di sẹ́nétọ̀ ní 2015. Lọ́dún yẹn kan náà, àwọn òṣìṣẹ́ NDLEA yí ilé rẹ̀ ká ní Lekki. Ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ dá a láre, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn yí i padà ní 2018, ó sì kú ní 2020 láìjẹ́ pé ilé-ẹjọ́ kankan dá a lẹ́bi. Ẹ̀bi tàbí àre rẹ̀ kọ́ ni mo ń jà lé lórí. Ohun tí mo ń sọ ni pé ó ní owó agbẹjọ́rò. Ta ni yóò gba ẹjọ́ ọmọ tálákà rò?

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ní ọjà Aswani, kò sí ẹni tí í ra òkìrìkà láìtú u wò. A ó gbọn ṣòkòtò, a ó wo abíyá ṣẹ́ẹ̀tì bóyá ó ti ya. Aṣọ àlòkù lásán ni o! Ṣé ènìyàn ni a ó wá dì ránṣẹ́ sókè òkun láìyẹ ẹ̀rí wò?

Àwọn kan á ní oògùn olóró ń ba ọmọ wa jẹ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìbínú ti sọ wá di aláìṣòótọ́ rí. Ní oṣù kẹrin 1985, wọ́n yìnbọn pa ọkùnrin mẹ́ta ní Èkó nítorí oògùn olóró, lábẹ́ òfin ológun kan ti 1984 tí wọ́n mú kí ó ṣiṣẹ́ padà sẹ́yìn. Ó kéré tán, ọ̀kan nínú wọn ti ṣẹ̀ kí òfin náà tó jáde. Ta ló lè jí i dìde?

Ìwé òfin 1999, abala 36, ní aláìṣẹ̀ ni olùjẹ́jọ́ títí ẹ̀bi rẹ̀ yóò fi hàn; kí a sọ ẹ̀sùn fún un ní èdè tí ó yé e; kí a fún un ní ògbufọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ èdè, iṣẹ́ yín rèé! Bí ògbufọ̀ bá pe afurasí ní ọ̀daràn, ó ti dá ẹjọ́ kí adájọ́ tó la ẹnu. Ẹ jẹ́ kí a wá ọ̀rọ̀ tí ó ṣe rẹ́gí fún gbogbo nǹkan tí a ń ṣe ní kóòtù, títí kan fífa afurasí lé ìjọba òkèèrè lọ́wọ́, kí a sì máa lò wọ́n bó ti yẹ. Àwọn baba wa kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.