Ta ló kọ́ Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta?

 

Ọ̀rọ̀ àdúgbò kan ní Èkó, ní ilẹ̀ Nàìjíríà, ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí. Orúkọ àdúgbò náà ni Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta. Ẹlòmíràn lè béèrè pé: kí ló kàn wá níbẹ̀? Ó kàn wá. Àwọn ọmọ wa ń kúrò nílé. Wọ́n ń lọ sí Lomé, wọ́n ń lọ sí Cotonou, wọ́n ń lọ sí Èkó. Irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀ sí: ibi tí ẹ̀rọ ti ń dún, tí ilé fún mọ́ ilé, tí iṣẹ́ wà. Bí wọ́n bá padà wá, wọ́n á ní òyìnbó ló kọ́ ọ, tàbí kí wọ́n ní ìjọba ló kọ́ ọ. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀bútẹ́ ni ibi tí ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀ sí. Àdúgbò yìí wà létí ọ̀sà, ó dojú kọ erékùṣù Èkó. Ní ọdún 1867, ìjà ṣẹlẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Wọ́n fọ́ ilé àwọn òyìnbó oníwàásù àti ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ìfọ́lé ni àwọn Ẹ̀gbá ń pe ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀pọ̀ Ẹ̀gbá tó jẹ́ onígbàgbọ́ sá wá sí Èkó. Glover, tó ń ṣàkóso Èkó fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, fún wọn ní ilẹ̀ ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta. Ó la ọ̀nà gbọọrọ gbọọrọ fún wọn, òmíràn ní òró, òmíràn ní ìbú, bí ìlà inú ìwé ìṣirò yín. Ẹni tó bá rìn níbẹ̀ lónìí á ṣì rí i. Àwọn tí a lé kúrò nílé ni wọ́n fi ọwọ́ wọn kọ́ ilé sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà wọ̀nyẹn.

Ojú irin ló wá sọ ibẹ̀ di ibi iṣẹ́ ẹ̀rọ. Àwọn àgbà wa mọ ọkọ̀ ojú irin. Àwọn Jámánì ṣe ti Lomé sí Aného ní 1905, wọ́n ṣe ti Lomé sí Kpalimé ní 1907. Nígbà tó yá, òmíràn gòkè dé Blitta, tí kò jìnnà sí wa. Ti Èkó ṣáájú wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1896. Wọ́n ṣí i dé Ìbàdàn ní 1901. Nígbà tó fi máa di 1912, ó ti dé Kano. Epo, èkùrọ́, kòkó, ẹ̀pà, òwú: gbogbo ẹrù àgbẹ̀ ń gba orí irin sọ̀kalẹ̀ lọ sí etí òkun.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ a máa bàjẹ́. Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta ni wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ ńlá sí, níbi tí wọ́n ti ń tún un ṣe. Alágbẹ̀dẹ wà níbẹ̀, káfíńtà wà níbẹ̀, àwọn tó ń jó irin mọ́ irin wà níbẹ̀. Ọmọ àgbẹ̀ tó fi ọwọ́ lásán dé láti oko kọ́ iṣẹ́ níbẹ̀, ó mọ inú ẹ̀rọ bí ẹni mọ inú ilé bàbá rẹ̀.

Inú ọgbà rélùwéè ni àwọn ọ̀gá òyìnbó ń gbé. Ilé wọn fẹ̀, igi ń ṣíji bo àgbàlá wọn. Ọ̀kan nínú àwọn ilé náà, tí wọ́n kọ́ ní 1898, ṣì dúró. Jaekel House ni wọ́n ń pè é, ibẹ̀ ni wọ́n kó àwọn ohun ìrántí rélùwéè sí. Òṣìṣẹ́ dúdú ní tirẹ̀ háyà yàrá lóde ọgbà, òun, ìyàwó àti ọmọ nínú yàrá kan.

Iṣẹ́ mìíràn tún dìde létí ọ̀sà, ní Oko Bàbá. Iṣẹ́ ìlagi ni. Wọ́n á gé igi nínú igbó Oǹdó àti Ìjẹ̀bú, wọ́n á so gẹdú mọ́ ara wọn, wọ́n á gba orí omi gbé e wá sí Èkó. Ẹ̀rọ á là á sí pákó. Pákó yẹn ni ìlú fi ń ṣe òrùlé, ilẹ̀kùn àti ibùsùn. Lẹ́búlẹ́bú igi pọ̀ débi pé àwọn tálákà ń fi í dí ẹrẹ̀ etí ọ̀sà, wọ́n ń kọ́ ilé lé e lórí. Ẹ rí i pé kì í ṣe ìjọba ló ṣe ilẹ̀ yẹn.

Òwe kan wà tí gbogbo Yorùbá mọ̀. Wọ́n ní ọjà Ọyìngbò kò mọ̀ pé ẹnìkan kò wá. Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta yìí gan-an ni Ọyìngbò wà. Òótọ́ sì ni òwe náà: bí òṣìṣẹ́ kan bá jókòó sílé, ẹlòmíràn á gba ipò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹfà ọdún 1945, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ni kò wá.

Ohun tó fa á ni pé ogun Hitler ti gbé owó oúnjẹ àti owó ilé lọ sókè. Owó iṣẹ́ kò bá a lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ṣírò, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, wọ́n fi ránṣẹ́ sí ìjọba. Wọ́n ní kí wọ́n fi ìdajì kún owó àwọn, kí alágbàṣe má sì gba ohun tó dín sí sílè méjì àti sísì lóòjọ́. Ìjọba kò dá wọn lóhùn bí wọ́n ṣe fẹ́. Wọ́n bá yan iṣẹ́ lódì.

Michael Imoudu ni olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè. Ní 1941, ó ti kó àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́yìn láti Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé gómìnà. Ní 1943, ìjọba lé e lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì gbé e lọ sí Auchi, kí ó má bàa rí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́. Ó padà dé ní 1945. Òṣìṣẹ́ tó lé ní 30,000 ló kọ iṣẹ́ sílẹ̀, ní Èkó àti ní ìlú mìíràn, fún ohun tó ju ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ. Alimotu Pelewura, olórí àwọn obìnrin ọjà Èkó, dúró tì wọ́n pẹ̀lú àwọn obìnrin rẹ̀. Hubert Ogunde fi ọ̀rọ̀ náà ṣe eré orí ìtàgé lọ́dún yẹn kan náà. Nígbà tí ìgbìmọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì rán wá wádìí tán ní 1946, ìgbìmọ̀ náà ní kí wọ́n fi ìdajì kún owó tí wọ́n ń fún òṣìṣẹ́ nítorí ọ̀wọ́n ọjà.

Lẹ́yìn náà, ọkọ̀ akẹ́rù gba ẹrù lọ́wọ́ ọkọ̀ ojú irin, iṣẹ́ inú ọgbà rélùwéè sì rẹ̀yìn. Ilé ń gbó, èrò ń pọ̀ sí i. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2022, ilé alájà mẹ́ta kan wó pa ènìyàn ní òpópónà Ìbàdàn, ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta. Ohun tuntun náà dé. Ojú irin tuntun láti Èkó sí Ìbàdàn, tó gùn ní kìlómítà 157, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹfà 2021. Ilé iṣẹ́ àwọn ará Ṣáínà ló ṣe é. Ní 2024, ọkọ̀ ojú irin mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti Àgbádó wá sí Ọyìngbò.

Ti àwọn alápákó Oko Bàbá ni ó ń dùn wá. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ní kí wọ́n kó lọ sí Agbówá, lẹ́yìn ìlú, ó sì kọ́ ibùdó sí ibẹ̀ fún wọn. Àwa kò ní kí èéfín àti iná máa pa ọmọ ènìyàn láàárín ìlú. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní ẹ̀rọ ìlagi ní ìwé lọ́wọ́, ó lè fi béèrè ààyè tuntun. Ọmọkùnrin tó ń ru pákó lórí ń kọ́? Obìnrin tó ń se oúnjẹ fún un ń kọ́? Inú ìwé wo ni orúkọ wọn wà?

Ìdí nìyí tí a fi ń bẹ ẹ̀yin òbí. Bí ọmọ yín bá ń lọ sí irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, nílẹ̀ wa tàbí lókèèrè, kí ó kọ orúkọ ẹni tó gbà á síṣẹ́, ibi tí iṣẹ́ wà, iye owó àti ọjọ́ tí wọn yóò máa san án. Kí ó béèrè bóyá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wà níbẹ̀. Kí ó da ọ̀rọ̀ náà kọ lẹ́ẹ̀mejì: ọ̀kan nínú àpò rẹ̀, ọ̀kan lọ́wọ́ yín nílé.